Bí Rawiya Bá Ní Òun Ti Yó

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí nínú ọgbà ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Minya, ní Íjíbítì. Àwọn àlejò ti dé. Àwọn kan gbé kéèkì, àwọn kan gbé ẹlẹ́rìndòdò. Àǹtí Ṣahira, ọ̀kan lára wọn, gbé odidi sáàní básbúsà, àkàrà ìyẹ̀fun dídùn tó ń kán tótó fún omi ṣúgà.

Ó jókòó ti Rawiya, ọmọ ọdún méje, lórí àga onípákó.

"Ọkàn mi, yanu."

Rawiya yanu.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ọ̀kan sí i, nítorí tèmi."

Ó tún yanu.

"Ọmọ yìí mà lè jẹun o! Ibo lò ń kó o sí, ìwọ tó o rí bí igi ìṣáná?"

Rawiya rẹ́rìn-ín. Kéèkì àwọn tó ṣáájú ti mú kí ikùn rẹ̀ le bíi bọ́ọ̀lù, eyín rẹ̀ kan lápá ọ̀tún sì ń ta á. Kò sọ ọ́. Èjìká Àǹtí Ṣahira kan tirẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì ń ta sánsán bí ọṣẹ tuntun.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wọn ti lọ. Afẹ́fẹ́ ń gbá páálí kéèkì kiri inú ọgbà. Màmá Insaf, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ, gbé ẹ̀wà fúlù àti búrẹ́dì kalẹ̀.

"Rawiya, wá jẹun."

"Mi ò fẹ́, Màmá."

"Báwo lo ṣe máa fẹ́ ẹ? Wọ́n ti dì ẹ́ bí àpò!"

Rawiya wo ẹnu géètì títí. Kó tó sùn, ó bì.

Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú bí ẹni tó fi ọsàn sẹ́nu. Àǹtí Ṣahira tó wá mú sáàní rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo.

"Yéè! Ta ló gbá ọmọ yìí létí?"

"Básbúsà yín ni, àti kéèkì àwọn yòókù," ni Màmá Insaf dáhùn.

Ọkọ̀ Àǹtí Ṣahira ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sọ́dọ̀ Dókítà Mirfat, oníṣègùn eyín. Dókítà yẹ ẹnu Rawiya wò, ó mirí.

"Eyín kan ti jẹrà dé gbòǹgbò, àwọn mìíràn sì ti fẹ́ tẹ̀ lé e. Rawiya, ṣé ebi ń pa ẹ́ nígbà tó ò ń jẹ gbogbo nǹkan dídùn yẹn?"

"Rárá, mà."

"Eyín ò dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí."

"Kí ló wá dé tó ò sọ pé o ti yó?"

Rawiya tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Tí mo bá ní mo ti yó, wọ́n á dìde lọ."

Àǹtí Ṣahira ki kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ń fi ṣeré bọ inú báàgì rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Àǹtí," ni Dókítà wí. "Ogún èèyàn ń fún ọmọ kan ní nǹkan dídùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹnìkan ò sì mọ ohun tí ẹnìkejì ti fún un. Ṣúgà ń ba eyín jẹ́. Ó tún ń dí ikùn, ọmọ ò ní lè jẹ ẹ̀wà àti ẹyin tó máa mú un dàgbà. Ẹ máa bi Màmá Insaf kí ẹ tó ra ohunkóhun."

"Kí ni kí n wá máa gbé wá?"

"Ẹ gbé ara yín wá. Kó má sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan."

Wọ́n yọ eyín náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbà náà pa rọ́rọ́. Kò sí àlejò kankan, àfi Àǹtí Ṣahira, tó wọlé lọ́wọ́ òfo.

"Ẹ ò ní jókòó lásán o," ni Màmá Insaf fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà tútù tí wọn ò tíì bó èèpo rẹ̀ fún un.

Wọ́n kọ́kọ́ jẹun ọ̀sán. Àwọn méjèèjì àti Rawiya jọ ń ki búrẹ́dì bọ abọ́ ẹ̀wà fúlù kan náà. Eyín apá òsì ni Rawiya fi ń jẹun, ó ń fi omi lásán sìn ín. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan sí i lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó rọra gbé búrẹ́dì tó kù sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Àǹtí Ṣahira.

"Mo ti yó," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí lọ.

"Ó dáa," ni Àǹtí Ṣahira wí. Ó fa abọ́ ẹ̀wà tútù mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Kò dìde.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tọ́jú wọn léèrè ohun tí wọ́n nílò. Èso, ẹyin, wàrà àti omi tó mọ́ sàn ju ẹlẹ́rìndòdò àti kéèkì lọ. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí èèyàn kì í lọ, kí ẹ sì bá wọn jẹ ohun tí wọ́n bá sè. Bí ọmọ bá ní òun ti yó, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì jókòó síbẹ̀.