Ọ̀bẹ Tí Eli Gbé Sórí Tábìlì

Iṣu ló mú mi bá Eli sọ̀rọ̀. Ìjọ wa ní Conyers, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, pàtẹ ọjà sínú ọgbà ní Sátidé kan, mo sì rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó to ọ̀bẹ sórí tábìlì bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní èèkù méjì tó ń ká bo ẹnu rẹ̀. Ó jù ú fìrì lọ́wọ́, ó ṣí. Ó tún jù ú, ó pa dé.

"Ṣé eléyìí lè bẹ iṣu?" ni mo bi í.

"Tó bá jẹ́ iṣu aláwọ̀ àlùkò, ó ti mọ̀ ọ́n bẹ."

Mo ní irú iṣu bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ó ní ó pọ̀ ní Batangas, ìlú wọn ní Philippines, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń rọ irú ọ̀bẹ yìí, tí wọ́n ń pè ní balisong. Irin spring mọ́tò àtijọ́ ni wọ́n fi ń rọ ọ́, ìwo ẹfọ̀n ni wọ́n sì fi ń ṣe èèkù rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Suwanee ni Eli ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá délé, yóò wọ gáràjì lọ rọ tirẹ̀. Èmi Fẹ́misí, nọ́ọ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn iṣẹ́, rẹ́rìn-ín títí mo fi ra ọ̀bẹ tí n kò nílò.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọ̀rọ̀ di ìfẹ́. "Olólùfẹ́" ni ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ, ó sì ń pè é bí ẹni tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo mú un lọ kí Mummy mi ní Ellenwood. Ó ti fara balẹ̀ rọ ọ̀bẹ kan fún wọn, èèkù rẹ̀ ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Ẹ káàsán, Mummy." Inú Mummy dùn, wọ́n nawọ́ láti gba ẹ̀bùn wọn. Eli wo ọwọ́ náà, ó yẹra fún un, ó gbé ọ̀bẹ sórí tábìlì.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Mummy.

"Fẹ́misí, ṣé ajá ni mí?" ni wọ́n bi mí nígbà tí Eli lọ. "Mo nawọ́, ó gbé e sílẹ̀ fún mi! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o. Mi ò lè gbàdúrà sí marriage yìí."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, he didn't mean it."

"Kí ló wá mean?"

N kò mọ̀. Aunty Bridget, àbúrò wọn, tún dá sí i lórí fóònù: "Ṣé kò sí ọmọ Yorùbá mọ́ ní gbogbo Atlanta ni?" Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo mọ ara mi: láìsí àdúrà Mummy, n kò lè fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Mo bá Eli nínú gáràjì. "Kí ló dé tí o kò fi ọ̀bẹ náà lé wọn lọ́wọ́?"

Ẹnu yà á. "Ní ilé wa, ẹni tí o bá fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́, ìjà lo fi lé e lọ́wọ́. Bàbá mi máa ń gbé e kalẹ̀ ni, kí olúwa rẹ̀ mú un fúnra rẹ̀. Mi ò fẹ́ bá ìyá rẹ jà láéláé."

Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún sí aṣọ rẹ̀ tó kún fún èédú. Mo pe Mummy, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n pa fóònù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Eli ní ká lọ sí Ellenwood. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi. Ọ̀bẹ náà ṣì wà níbi tó gbé e sí. Mummy kò fọwọ́ kàn án. Eli mú un, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn. Ẹ̀rù ń bà á, mo mọ̀. Ó ń ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ kò ṣe rí, nítorí tèmi.

Mummy kò nawọ́.

"No, ọmọ mi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, wọ́n sì nàka sí tábìlì. "Drop it there. Èmi náà ò fẹ́ bá ẹ jà."

Eli gbé e kalẹ̀, Mummy sì mú un fúnra wọn.