Kúlà Ìkọ́kọrẹ́ Lọ́fíìsì Oníyanrìn

Ká tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi, Alhaja Kúbúrátù ni ká kọ́kọ́ nà lẹ́gba. Òun náà gbà, ó sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run fún òun ní ìdí tó wúwo, Ó wá gbàgbé láti fi ìwúwo díẹ̀ sí ẹnu òun. Òun ló sọ ibi tí Fatihah fara pamọ́ sí.

Fatihah, ọmọ ọmọ rẹ̀, akọ̀ròyìn rédíò ni. Òun ló tú àṣírí Bọ́dúnrìn oníyanrìn, tó ń wa yanrìn odò ní Ìbẹ̀fun títí oko olóko fi ń ya sómi. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Bọ́dúnrìn ló ká ohùn ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Látìgbà náà làwọn jàǹdùkú ti ń ṣọ́ ilé, ọmọ náà sì sá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìjagun.

Ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Micah bá dé, kóòtù lọ́rùn, káàdì láyà.

"Ẹ́ḿbásì ni mo ti wá, Màmá, láti Àbújá. Ìjọba wa lókè òkun ti ṣòfin pé akọ̀ròyìn tí wọ́n bá ń lépa nílùú rẹ̀, àwa la ó dáàbò bò ó. Níbo ni Fatihah wà?"

Kúbúrátù sunkún ayọ̀. Ó júwe ilé, ó júwe yàrá, díẹ̀ ló kù kó júwe bẹ́ẹ̀dì. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná sínú kúlà rẹ̀ tó dára jù, ó gbé e fún un.

"Dá kúlà mi padà o, ọmọ mi."

Nírọ̀lẹ́, Fatihah wọlé, ètè rẹ̀ ti bẹ́.

"Màmá, ta lẹ sọ ibi tí mo wà fún?"

"Ará ẹ́ḿbásì tó wá láti Àbújá yẹn ni."

"Ó ní kí n dárúkọ ẹni tó fún mi ní ohùn yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti fura. Mo ti kọ̀wé tọrọ ààbò lọ́dọ̀ ẹ́ḿbásì tòótọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní orúkọ yẹn, àwọn pàápàá ò fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo kọ̀, ó gbá mi lẹ́nu, ó já fóònù mi gbà. Orúkọ náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá rí i ṣí, wọ́n á pa òṣìṣẹ́ náà."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì Albert yán. "Ẹ lọ ra fóònù mìíràn. Níbo la ti fẹ́ wá ará Àbújá?"

Fatihah kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì, bí ẹni tí sísá ti sú. Ó rẹ Kúbúrátù náà, orúnkún ń ro ó, ṣùgbọ́n kúlà ń dùn ún ju orúnkún lọ. Ibi tó ti ń ro ti kúlà ló ti rántí yanrìn tútù tó gbá kúrò níbi tí Micah bọ́ bàtà sí. Ará Àbújá wo ló ń gbé yanrìn odò kiri?

"Sájẹ́ǹtì, fi fóònù sílẹ̀. Wọ́n jí kúlà mi. Mo mọ ibi tó wà."

"Kúlà, Màmá?"

"Ìyá tìrẹ, ṣé ó máa ń fi kúlà rẹ̀ sílẹ̀ fún olè?"

Albert ro ti ìyá rẹ̀ wò. Ó dìde.

Lọ́fíìsì Bọ́dúnrìn ní Ìbẹ̀fun, kúlà wà lórí tábìlì.

"Ta ló ni í?" Albert bi Bọ́dúnrìn.

"Ìyàwó mi ni."

"Dojú ẹ̀ dé."

"Ṣé kúlà kì í jọra ni?"

"Mo ní dojú ẹ̀ dé!"

Lábẹ́ rẹ̀, K gàdàgbà, tí wọ́n fi kútẹ̀sì pupa kọ, bí àwọn ìyá ṣe ń sàmì sí abọ́ wọn.

Fèrèsé yàrá inú dún gbàà. Micah ti bẹ́ síta, ó forí lé òkìtì yanrìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Yanrìn tútù gbé e mì dé itan. Kó tó fa ẹsẹ̀ yọ, Kúbúrátù ti dé, ó sì jókòó lé e.

"Fóònù dà?"

"Ó wà lápò mi."

"Ẹ ti ṣí i?"

"A ò rí i ṣí. Màmá, mi ò lè mí!"

"Ta ló rán ọ?"

"Bọ́dúnrìn ni! Ó fẹ́ mọ ẹni tó tú àṣírí ẹ̀. Kò sí ẹ́ḿbásì kankan!"

Albert fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so Micah àti Bọ́dúnrìn pọ̀. Fatihah gba fóònù rẹ̀, ó pe ẹnì kan, ó ní, "Wọn ò rí orúkọ ẹ," ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Nígbà tó yá, Kúbúrátù ń fọ kúlà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣépè: àwọn olè jẹ oúnjẹ tán, wọn ò tilẹ̀ fi omi ṣàn án. Fatihah jáde sí i, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ́ḿbásì tòótọ́ ló pè. Wọ́n ti gbà mí. Wọ́n ní kí n máa múra."

"Alhamdulillahi!"

"Wọ́n ní akọ̀ròyìn nìkan ni òfin àwọn ń dáàbò bò, Màmá. Ẹni tó fún mi ní ohùn yẹn ńkọ́?"