Ìbéèrè Tí Ẹnikẹ́ni Ò Bi Wọ́n ní Baruwa

Gbogbo ẹni tó mọ Sìdíkátù, aránṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdímù, ló mọ̀ pé kì í fi ọ̀rọ̀ Hamdalah ọmọ rẹ̀ ṣeré. Opó ni, ọmọ yẹn nìkan ló sì ní. Nígbà tí Zikrullah wá sọ pé òun fẹ́ fi Hamdalah ṣaya, Sìdíkátù fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ lọ sí Baruwa, ní àdúgbò àwọn Zikrullah, lọ ṣèwádìí.

Gbogbo ohun tí àwọn àgbà máa ń bèèrè ló bèèrè. "Ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé wọn? Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?" Àdúgbò ní kò sí, pé ọmọ dáadáa ni, ó mọ èèyàn kí.

Ó kù ẹyọ kan. Zikrullah ti níyàwó rí, Aasiyah lorúkọ rẹ̀. Zikrullah ní ìyàwó náà ti kú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Sìdíkátù bá a kẹ́dùn, ó ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ òkú náà. Nígbà tó dárúkọ Aasiyah lọ́dọ̀ ìyá Zikrullah ní Baruwa, ìyá náà wolẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ti kọjá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ta ló máa wá tú ọgbẹ́ ọlọ́fọ̀ wò? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Sìdíkátù fi sílẹ̀, wọ́n sì mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ká má parọ́, Zikrullah mọ ìwà hù lójú èèyàn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù gan-an ló ti máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Àwọn oníbàárà á ní, "Ìyá Hamdalah, ẹ mà ríre o!" Àmọ́ lónìí á ní Ìbàdàn lòun ti kàwé, lọ́la á ní Ìlọrin ni. Ó tún sọ fún Hamdalah pé Morónkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bú u lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ṣe dàrú. Sìdíkátù ń rí i, ó ń gbé e mì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Hamdalah ń lọ aṣọ, Zikrullah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sìdíkátù dojú kọ dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, ó ń fi bùbá kan wọn ara rẹ̀. Hamdalah yíjú láti mú okùn òwú. Inú dígí ni Sìdíkátù ti rí i tí Zikrullah rọra sún áyọ́ọ̀nù tó gbóná síbi tí ọwọ́ Hamdalah máa bà lé, tó fi aṣọ bò ó, tó sì káwọ́, tó ń wò.

Kí Sìdíkátù tó lanu, Hamdalah ti tẹ́wọ́ lé e. "Yéè! Màámi o!"

Zikrullah ò ta pútú. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí Sìdíkátù yíjú ló tó fò dìde, tó káwọ́ lérí. "Yéè, olólùfẹ́ mi! Ta ló gbé áyọ́ọ̀nù síbẹ̀?"

"Ìwọ ni. Mo rí ọ nínú dígí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, eré ni mo ń ṣe. Ṣé òun náà ò lójú ni?"

Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti gbé ẹ̀bùn dé, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti sunkún. Hamdalah sì ti dárí jì í. Ìyá rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Olúrẹ̀mí ló wá bá wọn fi oògùn sí ọwọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé kan náà ni wọ́n jọ háyà, àwọn tó ní àìlera ọpọlọ ló sì ń tọ́jú níbi iṣẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ayé ni," ni Sìdíkátù wí, lẹ́yìn tó ro ohun tó rí nínú dígí tán. "Mo fẹ́ mú Zikrullah lọ bá Alfa. Tó bá sì gbéyàwó, ara rẹ̀ á balẹ̀."

"Àdúrà ò burú, Màámi. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í ṣe oògùn o. Jíjó tí ọwọ́ Hamdalah jó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, pé kò dun Zikrullah ni. Àwọn èèyàn kan wà tí ìrora ẹlòmíì kì í wọ̀ lára. Wọ́n á purọ́, wọ́n á ṣe èèyàn léṣe, wọn ò ní kábàámọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe náà ni wọ́n tún máa dá lẹ́bi. Tó bá ti wà lára èèyàn láti kékeré, tí kò sì lọ, àwọn dókítà kà á mọ́ àìlera."

Hamdalah rẹ́rìn-ín. "Anti Nọ́ọ̀sì, sáíkópáàtì inú fíìmù yẹn? Ojú àwọn yẹn máa ń pọ́n, wọ́n á mú ọ̀bẹ dání, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín burúkú. Zikrullah wo?"

"Fíìmù nìyẹn jàre! Wọ́n fẹ́ kí o tètè dá ìkà mọ̀ ni. Nínú ayé, ọ̀pọ̀ wọn ò pààyàn rí, aṣọ wọn mọ́, ẹnu wọn dùn. Mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Zikrullah rí o. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà ló lè fún un lórúkọ. Àbí o fẹ́ mọ orúkọ iná kí o tó yọwọ́ níbẹ̀ ni?"

Hamdalah wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀.

Olúrẹ̀mí kọjú sí Sìdíkátù. "Kí lẹ bèèrè ní Baruwa?"

"Wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀."

"Wèrè kọ́ lèyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú ò lè pa eṣinṣin. Ta ló ti bá a gbé rí nínú àwọn tí ẹ bi?"

"Aasiyah nìkan ló bá a gbé, ó sì ti kú."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ kí àwọn òbí Aasiyah."

Zikrullah ti fi ilé náà hàn wọ́n rí láti inú ọkọ̀, ní àdúgbò Pleasure, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kékeré kan. Obìnrin kan ló ń bó ẹ̀wà níwájú ilé nígbà tí Sìdíkátù débẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Ìdílé olóògbé Aasiyah ni mo wá kí, pé ẹ kú ará-fẹ́ra-kù."

"Olóògbé wo?"

"Aasiyah, ìyàwó Zikrullah tẹ́lẹ̀."

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀. "Màámi, èmi ni Aasiyah."

"Súbúhánálláhì!" ni Sìdíkátù ké. Ẹni tó ti bá tọrọ Àlùjánnà ló ń gbé àga fún un yẹn.

Kò tilẹ̀ ya Aasiyah lẹ́nu. "Ó ti pa mí fún àwọn kan ṣáájú yín. Tí mo bá ń sunkún nílé rẹ̀, á jókòó, á máa wò mí. Ìyá rẹ̀ á ní kí n fara dà á, pé láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀, pé ìyàwó ló máa tún un ṣe."

"Tó bá ṣe ọ́ léṣe, kí ló máa ń sọ?"

"'Eré ni mo ń ṣe, ṣé o ò lójú ni?'"

Sìdíkátù pe Hamdalah lórí fóònù, ó ní kí Aasiyah tún un sọ. Hamdalah bú sẹ́kún, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, láti ẹnu ẹni tí wọ́n ní ó ti kú! Ó ní, "Màámi, ẹ máa bọ̀ nílé. Mi ò ṣe mọ́."

Wọn ò dá lọ dá ẹrù ìdána tí Zikrullah kó wá padà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn. Ìmáàmù àti àwọn àgbà ẹbí ló lọ, ní ọ̀sán gangan. Zikrullah sunkún. Nígbà tó rí i pé ẹkún ò ràn wọ́n, ojú rẹ̀ gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ní òun máa fojú Hamdalah rí nǹkan. Àgọ́ ọlọ́pàá ni àwọn àgbà gbà lọ láti ibẹ̀, Hamdalah sì bá Morónkẹ́ parí ìjà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìwà kan ṣoṣo sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ àìsàn, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń purọ́ láìtijú, tó ń yà yín kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí, tí ìrora yín sì ń pa á lẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe fi ọmọ yín ṣe oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kó sọ fún ẹni tó fọkàn tán, kó wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé. Ọmọ kékeré tó bá ń dá ẹranko àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lóró, tí kì í káàánú, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ bíi ti ìyá Zikrullah. Ẹ tètè mú un lọ sílé ìwòsàn, torí ìgbà èwe ni ìrànlọ́wọ́ dùn ún ṣe jù.

Tí ẹ bá sì ń ṣèwádìí, ẹ wá ẹni tó ti bá a gbé lọ. Sìdíkátù ti kọ́gbọ́n tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá sọ pé àfẹ́sọ́nà ọmọ òun jẹ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú, á fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Níbo ni wọ́n sin ín sí?"