Ewúrẹ́ Tí Ṣàkírát Gé Kúrò Nínú Àwàdà

Tó bá ti di aago méje àárọ̀, kò sẹ́ni tó lè pe Ṣàkírát kó tètè dáhùn. Onídìrí ni, Ìyá Khalid ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé tó ń gbé ní Ìdímù, rédíò rẹ̀ sì wà lórí tábìlì tó ń kó róòlà sí. Ètò Báyọ̀dé àti Hamdalah ló máa ń gbọ́. Àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, wọ́n á bọ́ sórí òṣèlú, wọ́n á fi àwọn tó ń ya fọ́tò oúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ètò náà ní ìlànà kan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àpárá, ewúrẹ́ kan á ké lórí rédíò: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Tí àpárá bá parí, á tún ké. Ohun tó bá wà láàárín igbe méjèèjì, ẹ̀rín lásán ni. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ètò náà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Olúwaníyì pàápàá mọ ewúrẹ́ yẹn. Ọmọ ọdún méjì ni. Susanna ìyá rẹ̀, tí òun àti Ṣàkírát jọ ń gbélé, tí kò sì tíì pẹ́ tó dé Èkó, máa ń fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ṣàkírát ní ìdájí kó tó lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì ní Dọ̀pẹ̀mú. Tí ewúrẹ́ bá ti ké, ọmọ náà á sáré wá síwájú rédíò, á máa wá ewúrẹ́ kiri lábẹ́ tábìlì.

Ṣàkírát máa ń fi fóònù gba ètò náà sílẹ̀, á gé ibi tó bá dùn jù, á fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wásáàpù àdúgbò. Ṣùgbọ́n Alhaji Sàkàrìyáù, onílé wọn, wá fẹjọ́ sùn.

"Ṣàkírát, ewúrẹ́ rẹ yìí ti sú mi o. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, gbogbo èèyàn ń wò mí bíi pé Iléyá ti dé."

"Ẹ má bínú, Alhaji. Kò ní ké sí yín létí mọ́."

Láti ìgbà náà ló ti ń gé ewúrẹ́ kúrò.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń múra àtigún abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi fáwọn ọmọdé kiri àdúgbò, ewúrẹ́ ké. Báyọ̀dé gbé ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn wọ̀.

"Ìròyìn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ sọ pé àwọn olóṣèlú ti po nǹkan mọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún fáwọn ọmọ yín."

"Háà! Kí ni wọ́n pò mọ́ ọn?" Hamdalah bi í.

"Ọmọ tí wọ́n bá gún, orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni yóò máa pè lójú oorun. Tó bá fẹ́ mu ọmú, á kọ́kọ́ ṣe ìpolongo!"

"Abájọ! Tèmi ṣèlérí lánàá pé òun ò ní tọ̀ sílé mọ́. Kí n tó yíjú, ó ti tọ̀!"

Ewúrẹ́ tún ké. Ṣàkírát rẹ́rìn-ín títí kóòmù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé ewúrẹ́ iwájú. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró síbi "Kí ni wọ́n pò mọ́ ọn?", kí àwọn èèyàn lè wá bi òun léèrè èyí tó kù. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin abiyamọ!" Ó fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù.

Kó tó di ọ̀sán, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìkòtún ti fi í ránṣẹ́ padà sí i. Àmì pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá ti wà lórí rẹ̀. Inú Ṣàkírát dùn.

Nígbà tí Susanna dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Khalid, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

Orí oníbàárà wà lọ́wọ́ Ṣàkírát. "Ìyá Níyì! Ìwọ náà ti ń gbọ́ ìròyìn! O ti dọmọ Èkó nìyẹn jàre."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Susanna náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé. Ṣàkírát ní i lọ́kàn pé òun á ṣàlàyé tóun bá dirun tán. Ó gbàgbé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Nọ́ọ̀sì Olútáyọ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ kiri, gbé kúlà yìnyín tó kó abẹ́rẹ́ sí kọ́ èjìká dé. "Ṣé ọmọdé wà nílé yìí?" Ṣàkírát fẹnu júwe ilẹ̀kùn Susanna, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kànkùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri pé òun ò bá ẹnikẹ́ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣàkírát rò pé Susanna ti jáde ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ara Olúwaníyì gbóná bí iná. Ojú rẹ̀ pọ́n, nǹkan pupa wínníwínní sú bò ó láti ojú dé ẹsẹ̀. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, kò kú. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ń ṣọyún, tí wọ́n bá sì pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn. Ṣàkírát tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

"Ṣé ẹ ò sí nílé lọ́jọ́ tí mo wá ni?" Nọ́ọ̀sì Olútáyọ̀ béèrè.

"Mo wà nílé," ni Susanna wí. "Mo tilẹ̀kùn ni. Mo fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ohùn rẹ̀." Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn Báyọ̀dé jáde.

"Ta ló sọ fún yín pé ìròyìn nìyí?"

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Khalid ló ti wá. Ẹni tó ń bá mi tọ́mọ, ṣé á fi irọ́ ránṣẹ́ sí mi ni?"

Ṣàkírát nawọ́ sí fóònù náà. "Àwàdà ni, Ìyá Níyì. Ewúrẹ́ wà níwájú rẹ̀. Èmi ni mo gé e."

"Ewúrẹ́ wo?" ni Susanna béèrè.

Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó. "Ẹ mọ àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò yín. Tẹ́ ẹ bá ti fi fọ́tò olè hàn wọ́n, wọ́n á dá a mọ̀ kó tó dé géètì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn. Kòkòrò èéyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi han ara ọmọ, kí ara ti mọ bó ṣe máa bá a jà. Ara Níyì ò tíì rí fọ́tò yẹn rí. Èéyi wọlé, kò sẹ́ni tó dá a dúró, ó sì rìn dé etí."

"Ṣé á gbọ́ràn padà?"

"Ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Tọ̀tún lè sàn díẹ̀. Tòsì, mi ò lè ṣèlérí." Ó yíjú sí Ṣàkírát. "Ẹ̀yin, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ má kàn pa á rẹ́, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ gé e."

Ṣàkírát ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaji Sàkàrìyáù fúnra rẹ̀ kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, oníbàárà kan tó ń gbé ní àdúgbò Pleasure na fóònù sí Ṣàkírát láìpẹ́ yìí: "Ẹ gbọ́ nǹkan." Ohun tí Ṣàkírát gé lọ́jọ́sí náà ni. Àtúnṣe rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà.

Lánàá, ewúrẹ́ ké lórí rédíò. Olúwaníyì kọ̀yìn sí i, ó ń to róòlà. Kò yíjú. Ṣàkírát gbé kóòmù sílẹ̀, ó yí lọ síwájú ọmọ náà, ó kúnlẹ̀, ó lanu gbàgà: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ọmọ náà wo ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ewúrẹ́ lábẹ́ tábìlì.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí àkókò tọmọ yín bá ti kọjá, ẹ ṣì lè gbé e lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí fóònù nípa oògùn tàbí abẹ́rẹ́, ẹ wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ dé òpin, kẹ́ ẹ sì bi òṣìṣẹ́ ìlera. Àwàdà dára, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má gé àmì tó ń fi hàn pé àwàdà ni. Bí ẹnì kan bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, tó ní ṣé òótọ́ ni, ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ dá a lóhùn.