Nusrat Ò Fi Sílẹ̀ fún Un

Òjò ló lé Mukhtar wọ ṣọ́ọ̀bù Nusrat lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe ìfẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín, mo wà níbẹ̀. Èmi ni Fàúsát onídìrí. Pákó pẹlẹbẹ lásán ló pààlà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Nusrat ní Dòpẹ̀mú, ohunkóhun tí wọ́n bá sì sọ níbẹ̀, bí mo fẹ́ bí mo kọ̀, etí mi á gbọ́ ọ.

Ilé géèmù ni Nusrat ní. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á wá, wọ́n á sanwó, wọ́n á di páàdì mú, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣàn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọbìnrin náà, bàbá rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ ló kù síra wọn. Kò sí ọkùnrin kan ní gbogbo àdúgbò wa tó tíì nà án rí nínú géèmù yẹn.

Mukhtar ò mọ̀. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ fákítìrì oníke tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgídíngbì, omi ń kán lára rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lẹ́nì kan tí òun máa nà kí òjò tó dá. Àwọn ọmọkùnrin wojú ara wọn, wọ́n sì ti Nusrat síwájú.

Márùn-ún sí òdo ni. Ẹ wò ó, mo ti rí ọkùnrin tí obìnrin nà nínú géèmù yẹn, tó ju páàdì sílẹ̀, tó ní páàdì ò dáa. Mukhtar rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi nà.” Òjò dá, kò lọ.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọ̀dọ̀ Nusrat ló ń kọ́kọ́ yà. Ọ̀gá mi ló ń pè é, títí orúkọ yẹn fi di orúkọ ìfẹ́. Nusrat náà ń pè é ní oníbàárà mi. Bí mo bá gbọ́ “oníbàárà mi, ṣé o ti jẹun?” láti ẹ̀yìn pákó, èmi tí ọkọ mi ò pè mí ní nǹkan kan rí ju “ìwọ yìí” lọ, màá kàn máa rẹ́rìn-ín sínú irun oníbàárà tèmi.

Ìgbà kan wá tí Nusrat fẹ́ tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ rà. Ó wá ń bi àwọn tó ń wá gbá géèmù pé kí ló ń dùn mọ́ wọn jù nínú rẹ̀. Wàhálà dé. Ẹnì kan ní àwòrán ni, pé bí òun bá ti rí òógùn lójú agbábọ́ọ̀lù, ó parí. Òmíràn ní ariwo èrò ìwòran ni, pé jẹnẹrétọ̀ Nusrat ló ń bo ariwo náà mọ́lẹ̀. Ezekiel, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nà án, ní ti òun ni pé èèyàn lè kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ fúnra rẹ̀. Ó ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ tó kú sọ agbábọ́ọ̀lù kan, bí bàbá náà bá gbá góòlù wọlé, ọjọ́ yẹn ti dáa nìyẹn. Èmi sọ láti ẹ̀yìn pákó pé fáànù ni kó rà, pé ooru ń pa wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ irun mi.

Mukhtar ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, “Ẹni tó jókòó tì mí ni. Kó fẹ́ nà mí tọkàntọkàn. Bí kò bá fẹ́ nà mí, tẹlifíṣàn lásán ni mò ń wò.”

Páàdì tuntun ni Nusrat rà, torí kí ọwọ́ méjèèjì lè jà dáadáa. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ọ̀rọ̀ ti kọjá géèmù. Obìnrin tí ọkùnrin bá bẹ̀ pé kó má ṣojúsàájú fóun, tó sì gbà, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìyá Mukhtar ní òun fẹ́ rí ọmọ náà. Àlhájà ará Ìjẹ̀bú-Òde ni, ó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Ìkẹjà, ó sì lówó lọ́wọ́. Kò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ó kàn dé lọ́sàn-án Sátidé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá Nusrat níbi tó ti ń na ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ń fi Mukhtar ṣe yẹ̀yẹ́, Mukhtar alára sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ìyá Nusrat ló lọ. Ìyá Nusrat sọ fún mi lẹ́yìn náà pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Àlhájà sọ ọ́. Ó ní ọmọ yín lẹ́kọ̀ọ́, ó sì mọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń na ọkùnrin lójú àwọn ọmọ àdúgbò kó tó wọlé ọkọ, kí ni yóò fi í ṣe tó bá wọlé tán? Ó ní òun á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun tó sọ ìpinnu òun.

Ìyá Nusrat ò sùn. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n á kọ ọmọ òun. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yìn pákó náà ni.

“Wúrà mi, géèmù mà ni. Kì í ṣe nǹkan gidi. Jẹ́ kó máa nà ọ́.”

Nusrat ní kò dáa, pé Mukhtar ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ta ni ọkùnrin tí kò fẹ́ borí obìnrin? Nígbà tí ìyá bá ń sunkún lórí eékún, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ fẹ́ sọ?

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fákítìrì Àgídíngbì máa dá Mukhtar àti ìdajì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n ní ọjà ò tà. Ó dé lọ́jọ́ tí Àlhájà ń padà bọ̀ láìwọ aṣọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ ti wọlé, kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó kàn mú páàdì.

Àlhájà padà wá bó ṣe wí. Ó bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti na Nusrat méjì sí ẹyọ kan. Ẹ bá rí ayọ̀ Mukhtar. Ó fò sókè, ó gbá Ezekiel mọ́ra, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Àlhájà rẹ́rìn-ín fún Nusrat, ó ní, “Ìyàwó wa, má bínú o, bí ọkùnrin ṣe rí nìyẹn.” Nusrat náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ ohun tó ṣe. Mo pa ẹnu mi mọ́, torí inú gbogbo èèyàn ń dùn.

Nusrat rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í jókòó lóun nìkan. Mukhtar ò níṣẹ́ mọ́, ibi géèmù yẹn nìkan ló kù tó ti ń rẹ́rìn-ín, Nusrat ò sì mọ bí yóò ṣe gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí ó nà án, lọ́la ó jẹ́ kó na òun, ó ń pín in bí ẹni ń bu oúnjẹ fún aláìsàn. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì. Àlhájà ti ń fi aṣọ ránṣẹ́.

Mukhtar bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Ó lóun ti na ẹni tí kò sẹ́ni tó ń nà. Ìgbà tí wọ́n kéde ìdíje géèmù kan ní gbọ̀ngàn kan ní Allen Avenue, ó forúkọ sílẹ̀, ó sì pe gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá wòran. Nusrat bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Mukhtar bi í pé kí ló dé, ó ní kò kàn wu òun ni. Ó lọ.

Èmi náà lọ, ó dùn mí pé mo lọ. Ọkùnrin kan láti Ìlúpéjú ló kọ́kọ́ bá a pàdé. Ó na Mukhtar bí ẹni ń lu aṣọ òfì. Kò tíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí àwọn tí a ò mọ̀ rí fi ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn tiwa sì ń wolẹ̀. Mukhtar ò wo ẹnikẹ́ni. Nusrat nìkan ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó jókòó tì í, ó na páàdì sí i. Ó ní, “Gbá a bó o ṣe gbá a lọ́jọ́ òjò.”

Nusrat gbá a. Kí ni ì bá tún ṣe? Ó nà án lánàkú. Nígbà tó parí, Mukhtar rọra gbé páàdì sílẹ̀, ó bi í pé látìgbà wo. Nusrat ò parọ́ mọ́. Ó sọ ti ìyá rẹ̀, ó sọ ti Àlhájà, ó sọ gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú omijé.

“Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́ lo bẹ̀rẹ̀,” Mukhtar ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Kì í ṣe torí ẹ̀, oníbàárà mi. Mo búra.”

“Gbogbo ayé ló ń káàánú mi, Nusrat. Ọ̀dọ̀ ẹ nìkan ni mo rò pé mo ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Àṣé aláìsàn ni mí níbí náà.”

Nusrat ló pè é, ẹ ṣàkíyèsí. Kò pè é ní ọ̀gá mi mọ́. Ó jáde, ètò yìgì sì fọ́.

Inú bí mi sí àwọn ìyá méjèèjì débi pé mi ò lè kí wọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ sì gbọ́ èyí tó korò jù: Àlhájà tó kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọmọ náà ló wá ń sáré kiri, tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé irú obìnrin tó mọ̀wà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Mukhtar ní òun ò fẹ́ gbọ́. Ìyá Nusrat ń sunkún, Nusrat ò sunkún mọ́, ó kàn ń rù.

Lẹ́yìn Iléyá ni Mukhtar padà wá. Ó ti ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ń kó ọjà pa mọ́ sí ní Ìlúpéjú, àwọn èèyàn sì ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń gbá géèmù ní Ìkẹjà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Ó lóun fẹ́ gbá ẹyọ kan péré. Ọkàn mi fò. Mo fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀ dídì, mo lọ dúró lẹ́yìn wọn.

Nusrat yíjú sí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó rọra sọ pé, “Àǹtí Fàúsát, gbogbo ẹ̀mí mi ni màá fi gbá a. Á mọ̀.”

Ọlọ́run ń gbọ́ mi, gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ ló fi gbá a. Mo rí òógùn lọ́rùn rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń gé ètè rẹ̀ jẹ. Mukhtar ti dára, kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti yá. Wọ́n wà ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, Mukhtar sì gbá èkejì wọlé. Ó parí síbẹ̀. Ó ti nà án, ní tòótọ́.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nusrat pẹ̀lú ẹkún. Inú rẹ̀ dùn fún un, inú rẹ̀ dùn tí kò fi mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe. Ó ní, “O nà mí. Mukhtar, o nà mí.”

Mukhtar wo ẹ̀rín náà.

“Lọ́jọ́ òjò, ó kù díẹ̀ kí n gbá ẹyọ kan wọlé, o fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú pa mí. Ẹni tí wọ́n nà kì í rẹ́rìn-ín báyìí, Nusrat. O tún fi sílẹ̀ fún mi.”

Nusrat búra. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sí àyà rẹ̀ kó lè gbọ́ bó ṣe ń lù. Èmi náà dá sí i, mo ní ojú mi ni ó ṣe, pé kò fi sílẹ̀. Mukhtar kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ mọ̀ nígbà yẹn náà, Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi.” Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì lọ.

Ó ti gbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Mo gbọ́ pé ìyàwó náà dáa, kò mọ géèmù kankan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbá ẹyọ kan yẹn, àwọn ọmọkùnrin dé, wọ́n ti gbọ́ pé Mukhtar wá. Wọ́n bi Nusrat pé ta ló borí. Ó lóun ni wọ́n nà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ezekiel ní, “Àǹtí Nusrat, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tún fi sílẹ̀ fún un.” Nusrat mú páàdì méjèèjì nílẹ̀, ó nù wọ́n, ó gbé wọn fún àwọn tó kàn.