Àlejò Tí Kò Mi Ife Rẹ̀

Ẹ ṣeun fún kọfí yìí. Ẹ ò bi mí pé ta ni mí, ẹ ò sì bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Ní gbogbo aṣálẹ̀ wa, ẹni tó bá bi àlejò léèrè orúkọ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó ti ba orúkọ ilé bàbá rẹ̀ jẹ́. Ìyá ilé, yé wo ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ajá yín kò gbó mi nígbà tí mo wọlé. Ajá tiwa náà kò gbó obìnrin tó wá sílé wa.

Orúkọ mi ni Túrfà. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ bi mí. Ilé ọkọ mi wà ní ẹsẹ̀ òkè pupa, ní apá gúúsù Jọ́dánì, Ràkán sì lorúkọ ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa. Èmi àti ìyá yẹn kò gbọ́ra wa yé láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Bí mo bá yan búrẹ́dì, á ní ó jóná. Bí mo bá gbálẹ̀, á ní òun ṣì ń rí iyanrìn. Èmi náà kì í sì í gbà fún un, ẹnu mi kò dùn rárá. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú inú mi dùn nínú ilé náà ni Hésà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, òun nìkan ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ.

Ọ̀sán gangan ni obìnrin náà dé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé a ń jẹ iyanrìn mọ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí eruku kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dáa, kò sì burú. Bí o bá gbójú kúrò lára rẹ̀, o ò ní rántí bó ṣe rí mọ́.

Mo bu kọfí fún un, díẹ̀ nísàlẹ̀ ife bí a ti máa ń bù ú. Ó mu ún, ó na ife padà. Mo tún bù ú, ó tún na ife. O ṣáà mọ̀ pé bó bá tó àlejò, á mi ife rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kó tó dá a padà. Obìnrin yìí kò mi ife. Ó ṣáà ń nà án sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tó yá, ó kọjú sí ìyá ọkọ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Ràkán, bí ẹ bá rántí ilé tí wọ́n bí yín sí, òórùn wo ló máa ń kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn?"

Háà, ìyá yìí yọ̀! Láti ìgbà tí bàbá Ràkán ti kú, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ kò bi í rí.

"Irun ewúrẹ́ tí òjò pa," ló wí. "Àgọ́ bàbá mi. Bí òjò bá ti kan irun tí wọ́n fi hun ún, gbogbo inú àgọ́ á máa rùn. Ìyá mi á wá kó gbogbo wa sábẹ́ aṣọ kan ṣoṣo."

Ó sọ̀rọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe mi: "Màmá, òjò ń bọ̀ o, àgọ́ bàbá yín tún fẹ́ máa rùn."

Ó wò mí. "Àgọ́ wo? Ṣé bàbá mi lágọ̀ọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ogbó ti dé nìyẹn. Àfi ìgbà tí àlejò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Irun ewúrẹ́ tí òjò pa ló ń rùn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì rọ̀.

Ràkán ló kàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí oúnjẹ ni, obìnrin náà bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo kọ́kọ́ rí lára ìyàwó rẹ?"

"Òkúta ni!" Ràkán bú sẹ́rìn-ín. "Mo wa ọkọ̀ mi sáàárín àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá kànga, ló bá sọ òkúta lu gíláàsì iwájú. Gíláàsì fọ́, ó fò padà, ó gé òun fúnra rẹ̀ lókè ojú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó sì ń bú mi lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti rí ìyàwó."

Àpá náà nìyí, wò ó. Kò sí alẹ́ kan tí Ràkán kì í fi ìka kàn án kó tó sùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń wo ọjà, ó ní, "Kí ló gé ọ lókè ojú?"

Mo yíjú sí àlejò tó jókòó lórí ẹní. Àpá wà lókè ojú tirẹ̀ náà, pupa, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e.

Ó bi èmi náà o. "Túrfà, kí ni ìyá rẹ máa ń sè fún ọ bí ara rẹ kò bá yá?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Lọ bi àwọn ewúrẹ́."

"O ò ní dá mi lóhùn rárá?"

"N ò ní dá ọ lóhùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Mo wá bu kọfí fún un, mo sì bù ú kún dé ẹnu. O mọ ohun tí ife kíkún jẹ́: mu ún, kí o sì máa lọ. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ lu àyà, ó ní, "Yéè! Ọmọ yìí ti dójú tì wá!" Ṣùgbọ́n obìnrin náà da kọfí gbígbóná yẹn sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, kò pajú dé. Ó tún na ife sí mi.

Mo fa Ràkán wọ ilé ìdáná. Mo rọra ní, "Lé obìnrin yìí jáde. Ohun tí ẹ bá sọ fún un, ó ń kó o lọ ni. Màmá ò rántí àgọ́ bàbá wọn mọ́. Ìwọ náà ò rántí àpá ojú mi."

"Àlejò Ọlọ́run ni, ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé," lòun náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ìdílé máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Fara balẹ̀, ìwọ..." Ó la ẹnu láti pe orúkọ mi, kò rí i pè.

Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí. Mo so Hésà mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ẹni so ọmọ ewúrẹ́. Mo ní bí obìnrin yẹn bá bi í ní ohunkóhun, kó di ẹnu rẹ̀, kó sá wá bá mi. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí mo sáré jáde lọ yọ búrẹ́dì kúrò nínú eérú. Ìṣẹ́jú wo nìyẹn? Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, Hésà ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ obìnrin náà, obìnrin náà sì ń di irun rẹ̀.

"Ta ló máa ń di irun rẹ?"

"Ìyá mi."

"Orin wo ló máa ń kọ bó bá ń dì í?"

Ọmọ mi kọ ọ́. Orin ìyá mi ni, orin tí mi ò kọ sétí ẹlòmíràn rí láyé. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kígbe, "Hésà, dákẹ́!" ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ parí. Ó gbójú sókè. Ó wò mí bí a ṣe ń wo alágbe tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá sún mọ́ obìnrin náà.

Oòrùn kò tíì wọ̀, ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé. Mo mọ̀ pé kò tíì wọ̀, mo sì la ẹnu mi bi í níwájú gbogbo wọn. "Ta ni ọ́? Ọmọ ta ni ọ́?"

Ìyá Ràkán bo ojú. Obìnrin náà dìde. Ohùn mi ló fi dáhùn, ìyá ilé, ohùn tí mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

"Èmi ni Túrfà, ìyàwó Ràkán, ìyá Hésà."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì rọra sọ ọ́, bí kò ti rọra bá mi sọ̀rọ̀ rí. "Jókòó, ọmọ àlejò. Oòrùn ọ̀nà ló pa ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan níbí."

Wọ́n mú mi jókòó lórí ẹní tí obìnrin náà ti jókòó lé. Òun ló bu kọfí fún mi. Ó bù ú kún dé ẹnu, ìyá ọkọ mi rí i, kò sì bá a wí.

Mo sá lọ sílé bàbá mi. Ìyá mi jáde, ó kí mi káàbọ̀, ó tẹ́ ẹní fún mi, kò bi mí léèrè orúkọ. Ó ní àlejò kan yà sọ́dọ̀ òun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin dáadáa kan tó fẹ́ràn láti máa béèrè nípa àwọn ọmọ òun.

Mo pa ẹnu mi mọ́, mo sì ṣọ́ ọ dáadáa. Ẹnu tiwọn ni obìnrin náà fi kó mi lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ṣì wà lọ́kàn mi: kànga, òkúta, orin. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe? Ọmọ mi wà ní ẹsẹ̀ òkè pupa, ó ń pe ẹlòmíràn ní ìyá, bí mo bá sì sún mọ́ ọgbà wọn, ẹkún ló fi ń sá wọlé. Mo ti bẹ̀bẹ̀ títí, ó ti sú mi. Bí tèmi kò bá pè mí ní ìyá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè mí.

Má dìde. Má sì pe ọkọ rẹ, àlejò Ọlọ́run ni mí, ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé, o ò lè lé mi. Bu kọfí sí i, n kò tíì mi ife mi.

Ọmọbìnrin rẹ tó sùn lé ọ nítan yìí, irun rẹ̀ mà dára o. Ta ló máa ń bá a dì í?