Iná Tó Ń Pẹ́ Láago Mẹ́wàá

Bàtà Eskil ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àpótí iná ńlá kan níbi iṣẹ́ wa ní ìlú Lund.

"Ìwọ tó dúró síbẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́, bá mi na tọ́ọ̀ṣì yẹn."

Mo nà án sí i. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ará Luleå ni, lókè àríwá lọ́hùn-ún, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n sì gbà á fún. Iná tó ń ti ìtànṣán wọ inú ẹ̀rọ ńlá wa, èyí tí a fi ń yẹ ohun tí ojú lásán ò lè rí wò, ni iṣẹ́ rẹ̀. Iná náà gbọ́dọ̀ bú jáde lásìkò gẹ́lẹ́. Bó bá fi ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, ìtànṣán á forí sọ ògiri. Láago mẹ́wàá àárọ̀ ojoojúmọ́ ló sì ń pẹ́.

"Bí mi ò bá rídìí ẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì," ló wí, "ilé ti yá nìyẹn."

Màmá mi ti sọ tiwọn: "Tuva, àlejò tó ń kọjá lọ lo fẹ́ fi ṣe ọkọ?"

Láago mẹ́wàá, tí gbogbo wa ń mu kọfí, mo máa ń gbé tirẹ̀ lọ fún un. Mi kì í wọlé. Màá ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú síta, màá fẹ̀gbẹ́ tì í, ká tàkúrọ̀sọ, bí ẹni tó kàn ń kọjá.

L'Ọ́jọ́bọ̀ ló ní, "Ó yà mí lẹ́nu, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò pẹ́ rárá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀ sílé. Mo gbójú sókè. Orí ilẹ̀kùn gan-an ni wáyà tó ń gbé àṣẹ lọ fún iná náà gbà, yìnyín sì ń já bọ́ níta lẹ́yìn mi, òtútù ń fẹ́ wọlé.

Mi ò lè sùn. Bí mo bá sọ, àṣírí mi tú. Bí mo bá dákẹ́, ó lọ nìyẹn.

"Eskil, èmi ni," ni mo wí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fi òtútù pa wáyà ẹ, tí àṣẹ fi ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ iná. Kì í ṣe pé mo kàn ń kọjá. Ìwọ ni mò ń wá wò. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

Ó wo wáyà, ó wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá ọ̀daràn yìí, òun ló tún ń gbé kọfí fún mi! Tuva mi, wá jókòó tì mí."

Láago mẹ́wàá ọjọ́ náà, iná kò pẹ́. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Eskil gbé òdòdó dání, ó ń lọ́ tìkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Màmá mi wò ó títí.

"Ṣé o ń kọjá lọ ni? Wọlé, ọmọ mi. Kí o sì ti ilẹ̀kùn."